Orúkọ tí ẹ ń gé dànù nínú àwo orin, ìyá ẹnì kan ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká fi àwọn olóṣèlú sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ orin ni mo fẹ́ sọ, àgàgà ọ̀rọ̀ àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé bí ẹlòmíì ṣe ń ya wèrè lórí bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń ṣe lórí àwo. Àwo àtijọ́ ni o, èyí tó dúdú, tó rí ribiti, tí wọ́n ń gbé abẹ́rẹ́ lé lórí. Jùjú, àpàlà, sákárà, wákà, fújì, gbogbo ẹ̀ ló wà nílé mi. Ìyàwó mi ti wá sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀ pé bí àwo kan bá tún gba ẹnu ọ̀nà wọlé, àga kan ló máa gba ibẹ̀ jáde.

Ìdí tí mo fi mú bíírò lónìí ni pé nǹkan kan ń bí mi nínú. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé orin àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Wọ́n á mú ojú àwo kan tó gùn tó ogún ìṣẹ́jú, wọ́n á yọ ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dùn létí jù nínú ẹ̀, wọ́n á da ìyókù nù. Ìyókù tí wọ́n ń dà nù yẹn, ibi tí olórin ti ń dárúkọ èèyàn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n ní ìyẹn ò ṣe pàtàkì, pé olórin kàn ń fi wá owó ni. Èmi ní ó ṣe pàtàkì, nígbà míì ó tiẹ̀ ṣe pàtàkì ju ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ. Ẹ fara balẹ̀, màá sọ ìdí ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó lè mọ ohun tí wọ́n ń gé, ẹ ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nígbà tí Túndé King kọrin jùjú sínú àwo fún iléeṣẹ́ Parlophone lọ́dún 1936, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ojú àwo kan ń gbà. Olórin tó bá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ á yáa sáré sọ ọ́. Nígbà tí I.K. Dáíró gbé Salome jáde lọ́dún 1962, àwo kékeré ló ṣì wà lóde. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ orin méjì á ra àwo kan, á yí i padà. Ìgbà tí àwo ńlá tá à ń pè ní elpíì wá gbòde láàárín ọdún 1970 sí 1979 ni àyè tó gba olórin. Ojú kan rẹ̀ lè gba ìṣẹ́jú 18 tàbí 20. Kí làwọn olórin wa fi àyè náà ṣe? Wọn ò pín in sí wẹ́wẹ́ bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe. Wọ́n ṣeré bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde àríyá, láìdúró. Orin márùn-ún, mẹ́fà lè wà lójú kan, ọ̀kan á máa wọ inú èkejì lọ, gángan á sì máa so wọ́n pọ̀.

Ẹni tó bá ti lọ òde àríyá rí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Olórin ò ní fi gbogbo òru kọrin ìfẹ́. Á wo iwájú, á rí onínàáwó tó pè é wá, á rí ẹbí, á rí àwọn ọ̀rẹ́ tó wọ aṣọ ẹbí, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Á dárúkọ bàbá tó bí wọn, á dárúkọ ìlú wọn, á dárúkọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Onígángan á gbà á lẹ́nu ẹ̀, á fi ìlù sọ oríkì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde náà ni wọ́n gbé e wọ inú àwo. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá gbé àwo jùjú tàbí àpàlà ìgbà náà sí i, ẹ máa gbọ́ orúkọ aláṣọ, orúkọ agbaṣẹ́ṣe, orúkọ ọlọ́kọ̀, orúkọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀rẹ́, pẹ̀lú ìlú tí wọ́n ti wá.

Ẹ wo Hárúnà Ìshọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú àpàlà. Lọ́dún 1971, iléeṣẹ́ Decca gbé àwo rẹ̀ tó ń jẹ́ Oroki Social Club jáde. Ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo ló fi àwo náà kì. Òrókí fúnra ẹ̀, orúkọ tí wọ́n fi ń ki Òṣogbo ni. Àwọn tó ń kọ ìtàn orin sọ pé àwo náà tà ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Kódà tẹ́ ẹ bá pín iye yẹn sí mẹ́wàá, ó ṣì pọ̀. Ẹ wá rò ó wò: ẹgbẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ kan tó ń pàdé láti ṣe fàájì, orúkọ wọn wọ ilé àwọn tí kò dé Òṣogbo rí. Ìwé ìtàn wo ló ṣe irú ẹ̀ fún wọn? Bí ẹ bá gé orúkọ kúrò nínú àwo yẹn, kí ló kù? Àgídìgbo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó dùn o, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n tìtorí ẹ̀ lù ú ti lọ.

Àwọn tí mo máa ń gbé sí i jù nílé, ẹ jẹ́ n kà wọ́n fún yín. Láàárọ̀ Sátidé, tí ilé bá ṣì pa rọ́rọ́, Olóyè Ebenezer Obey ni. Mo máa ń fi Board Members ti ọdún 1972 bẹ̀rẹ̀. Orúkọ àwo náà nìkan ti tó láti sọ irú èèyàn tí orin náà wà fún. Lẹ́yìn ẹ̀ ni màá gbé ti ọdún 1973 sí i, èyí tí ìtàn bàbá, ọmọ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wà nínú ẹ̀, pé kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣe é láyé tí aráyé ò ní rí wí. Gbogbo èèyàn ló mọ ìtàn yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí Obey kọ sí ojú kejì àwo náà, wọ́n á máa wo ara wọn lójú. Ibi tí gígé orin bá wa dé nìyẹn.

Tó bá di ọ̀sán, tí mo bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn, Àyìnlá Ọmọwúrà ni. Ìròyìn ni mo pè é o, ẹ ò ṣì mí gbọ́. Nígbà tí ìjọba fi owó kún owó-oṣù àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ Jerome Udoji jábọ̀ lọ́dún 1974, tí gbogbo ìlú ń pariwo owó Udoji, Àyìnlá kọ ọ́ lórin. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí aráàlú ń sọ lẹ́nu nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé, kó lọ gbọ́ ọ. Wọ́n pa á nílé ọtí ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ 6, oṣù Karùn-ún, ọdún 1980, ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀ ò kú. Festus Adédayọ̀ ti kọ ìwé lórí ìgbésí ayé ẹ̀, Túndé Kèlání sì gbé fíìmù Ayinla jáde lọ́dún 2021. Àwọn ọmọ àdúgbò wa tó wo fíìmù náà ló wá ń kanlẹ̀kùn mi pé kí n gbé àwo ẹ̀ sí i fáwọn. Inú mi dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Sàláwà Àbẹ̀ní ńkọ́? Wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed lọ́jọ́ 13, oṣù Kejì, ọdún 1976. Lọ́dún yẹn kan náà ni Sàláwà, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 16, gbé àwo wákà jáde lórí ẹ̀. Ọmọdébìnrin ń dárò olórí orílẹ̀-èdè, àwọn àgbà sì ń ra á. Mi ò mọ bí ẹ ṣe fẹ́ gé ìyẹn sí ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ẹlòmíì á ní, ṣebí Sunny Adé náà gé orin ẹ̀ fún òyìnbó? Òótọ́ ni. Nígbà tí iléeṣẹ́ Island gbé Juju Music jáde lọ́dún 1982, tí Martin Meissonnier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, sì bójú tó o, orin méje ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró, torí pé bí àwọn òyìnbó ṣe ń gbọ́ orin nìyẹn. Mo fẹ́ràn àwo yẹn dé góńgó, pàápàá ibi tí Démọ́lá Adépọ̀jù ti ń ta gìtá tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ bíi tábìlì, tí wọ́n ń fi irin yọ̀ lórí okùn ẹ̀, tó ń dún bí ẹni ń sunkún. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀. Sunny àti African Beats ló jókòó tún orin náà tò, wọ́n mọ ohun tí wọ́n yọ àti ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́. Nílé níbí, ó ṣì ń gbé àwo gígùn jáde lábẹ́ iléeṣẹ́ tiẹ̀, Sunny Alade Records, fún àwa tá a mọ àwọn tó ń kì. Aṣọ tí télọ̀ fúnra ẹ̀ gé yàtọ̀ sí èyí tí eku gé.

Ẹ gbọ́ ìtàn kan. Màmá kan tí mo máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ wọn lọ́jà Gbági, n'Íbàdàn, rí àpò àwo lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní, "Bàbá Tọ́lá, ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ ìwọ̀nyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní àwọn gbọ́ nígbà táwọn wà léwe pé olórin jùjú kan dárúkọ ìyá àwọn nínú àwo, ṣùgbọ́n ìyá ti kú tipẹ́, àwo náà ò sì sí nílé mọ́. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù, omi ti ba ojú ẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti bá àwọn wá orin náà lórí fóònù, ó rí i, ṣùgbọ́n àwọn gbọ́ ọ títí dé ìparí, àwọn ò gbọ́ orúkọ ìyá àwọn níbẹ̀. Wọ́n ti wá gbà lọ́kàn ara wọn pé irọ́ ni wọ́n pa fáwọn nígbà yẹn.

Mo béèrè àkọlé orin náà. Àwo náà wà nílé mi. Nígbà tí mo gbé e sí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́rin tó wà lórí fóònù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó tó bí ìṣẹ́jú mọ́kànlá, olórin bọ́ sọ́rọ̀ àwọn aláṣọ. Ó dárúkọ obìnrin mẹ́rin. Ẹnì kẹta ni ìyá màmá yìí, pẹ̀lú orúkọ ọkọ ẹ̀ àti agbo ilé ẹ̀. Mo fi fóònù gbà á sílẹ̀, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ní kí n tún un gbé. Nígbà tá a gbé e lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n pariwo pe ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wọn pé kó wá gbọ́ orúkọ ìyá àwọn. Gbogbo ibi tá à ń wí yìí ò ju ìṣẹ́jú kan lọ o. Ẹni tó gé orin yẹn ò mọ̀ pé ìyá ẹnì kan lòun jù sí ààtàn.

Mo mọ ohun táwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní orin ìkini yìí ló kọ́ wa láti máa bọ olówó, pé ẹni tó bá ti lè náwó ni olórin ń pè ní èèyàn gidi. Mo gbà. Olówó ló pọ̀ jù nínú àwọn orúkọ yẹn. Àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu kì í sábà rí ẹni kọ orin fún un. Àwọn míì sì wà tí wọ́n kì wọ́n lónìí, tó fi máa di ọ̀la, gbèsè ti lé wọn kúrò nílùú. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an náà, ìtàn ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọwọ́ ẹni tí owó wà n'Íbàdàn, l'Ékòó, l'Óǹdó lẹ́yìn ogun abẹ́lé, kó lọ gbọ́ ẹni tí wọ́n ń kì. Christopher Waterman, òyìnbó ará Amẹ́ríkà, kọ odidi ìwé kan lórí jùjú lọ́dún 1990. Ó wá sílẹ̀ Yorùbá, ó bá àwọn olórin rìn, ó sì tọpa bí orin wọn ṣe so mọ́ ẹni tó lówó àti ẹni tó ń wá owó. Ẹni tó ti òkè òkun wá tẹ́tí sí ibi tí àwa ọmọ onílé ń gé dànù. Àbí ẹ ò rí nǹkan?

Yàtọ̀ sí orúkọ inú orin, orúkọ tó wà lẹ́yìn páálí àwo náà ń sọnù. Tó bá ti di orí fóònù, orúkọ olórí ẹgbẹ́ nìkan lẹ máa rí. Onígángan ńkọ́? Oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Àwọn elégbè ńkọ́? Ọdún pàápàá, wọ́n á kàn kọ èyí tó bá wù wọ́n. Mo ti rí àwo ọdún 1974 tí wọ́n kọ 1986 sí lára. Ọ̀pọ̀ àwo wa ni kò sì kọ ọdún sára lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwa tá à ń kó wọn jọ máa ń wo nọ́ńbà. Ọ̀pọ̀ àwo Decca ti ìgbà náà, DWAPS ló ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà wọn. Ti Sunny Alade, SALPS ni. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwo máa ń tuntun sí i. Téèyàn bá fi ìyẹn kún ohun tó gbọ́ nínú orin, bóyá wọ́n dárúkọ Udoji, bóyá wọ́n dárúkọ gómìnà ológun kan, kì í pẹ́ tó fi máa mọ ọdún ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ṣe gbogbo ìyẹn lórí orin oníṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n ti yọ ẹran ara ẹ̀ kúrò?

Ẹnu lásán ò lè ṣe é, ó yẹ ká gbé ìgbésẹ̀. Láti ọdún 1998 ni Yẹni Kútì àtàwọn ẹbí ẹ̀ ti ń ṣe Felabration lóṣù Kẹwàá, torí pé ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, ọdún 1938 ni wọ́n bí Fẹlá. Mo máa ń yọjú sí New Afrika Shrine n'Íkẹjà nígbà míì. Ohun tó ń wù mí níbẹ̀ ju ijó lọ. Ẹ máa rí ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà tí Fẹlá kú lọ́dún 1997, á sọ fún yín pé Lemi Ghariokwu ló ya àwòrán iwájú àwo yìí, á tún sọ ohun tí ìjọba ṣe tí Fẹlá fi kọ orin tó wà nínú ẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ orin Fẹlá látòkè délẹ̀, bó ti wù kó gùn tó. Kí ló dé tí a ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún Hárúnà?

Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́fà tá a jọ ń ṣe wèrè àwo yìí ti fẹnu kò pé a máa ṣe kékeré tiwa n'Íbàdàn lóṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, torí omi lọ̀tá páálí àwo. Àríyànjiyàn ọjọ́ nìkan gbà wá tó oṣù kan. Sátidé ò ṣeé mú, torí òde. Ẹnì kan ní Jímọ̀, àwọn mùsùlùmí àárín wa ní kó gbàgbé ẹ̀. A wá mú Sọ́ńdè, aago méjì ọ̀sán, kí àwọn onígbàgbọ́ lè ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ẹ̀rọ méjì tó ń lu àwo la máa gbé wá, abẹ́rẹ́ á wà nílẹ̀ dáadáa, jẹnẹrétọ̀ náà á wà, ẹ kúkú mọ orílẹ̀-èdè tá a wà.

Òfin mẹ́rin la ṣe. Èkíní, àwo mẹ́ta ni kí kálukú mú wá, kó sì mú ojú kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá ti gbé abẹ́rẹ́ lé e, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e kúrò títí á fi parí. Àwa méje, àwo mẹ́ta mẹ́ta, ogún ìṣẹ́jú lójú kan: wákàtí méje nìyẹn. Ìyàwó mi gbọ́ ọ, wọ́n ní kí wọ́n má ka àwọn mọ́ ọn. Èkejì, a ò ní ta àwo, a ò ní rà, títí àwo tó kẹ́yìn á fi kọrin tán, torí a mọ ara wa, tí ọjà bá ti bẹ̀rẹ̀, etí á di. Ẹ̀kẹta, kálukú gbọ́dọ̀ mú àgbàlagbà kan wá tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ẹni tó gbáyé nígbà tí àwọn àwo yẹn wà lóde. Àga tó bá tutù jù ni tiwọn, àmàlà tó bá gbóná jù ni tiwọn. Ẹ̀kẹrin, ọ̀dọ́ méjì á jókòó pẹ̀lú ìwé àti fóònù. Gbogbo orúkọ tó bá jáde nínú orin, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á kọ ìṣẹ́jú tó jáde, wọ́n á wá bi àwọn àgbà: ta nìyí? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ọmọ ẹ̀ dà?

Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń lé mi sáré. Àwo lè pẹ́ nílẹ̀ tí wọ́n bá tọ́jú ẹ̀. Ẹni tó mọ ẹni tí wọ́n ń kì nínú ẹ̀ ò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún lọ́dún 1971 ti lé ní àádọ́rin báyìí. Tí wọ́n bá ti lọ, orúkọ náà á ṣì máa dún létí wa, ṣùgbọ́n a ò ní mọ ẹni tó ni ín mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àwo bàbá yín nínú yàrá ẹrù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi di ilẹ̀kùn. Ẹ kó wọn jáde kúrò níbi tí oòrùn ti ń pa wọ́n, torí ooru máa ń ká àwo kò bí ewé gbígbẹ. Ẹ tò wọ́n ní ìdúró bí ìwé, ẹ má tò wọ́n lé ara wọn. Ẹ fi aṣọ tó rọ̀ nu eruku ara wọn. Tí ìyá yín tàbí bàbá yín bá ṣì wà, ẹ gbé ọ̀kan sí i fún wọn, kí ẹ sì mú bíírò dání.

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò bá yín jà. Lára yín ni mo ti gbọ́ àwọn àwo kan tí mo ti wá títí tí mi ò rí. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹbí olórin, kí ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn, torí owó tó bá wọlé níbẹ̀, tiwọn ni. Ẹ kọ orúkọ àwọn onílù síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e, ẹ gbé gbogbo ẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ò pọ̀ jù fún ẹni tó fi ogójì ọdún ta aṣọ.